Ọwọ́ Àárọ̀, Ọwọ́ Ọ̀sán

Gbọnrangandan ni gbogbo àdúgbò ń pè é, inú ẹ̀ sì máa ń dùn sí i. Bó bá lọ ṣòkòtò, ìlà iwájú ẹ̀ á dúró gbọnrangandan láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, débi pé àwọn oníbàárà máa ń ṣàwàdà pé ẹ̀rù ń ba àwọn láti jókòó, kí ìlà náà má lọ gé àwọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ náà ò mọ ọ̀nà kọ́rọ́. Bí aṣọ bá dọ̀tí, á ní ó dọ̀tí. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ńlá kan gbé àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó ti lu wá, ó gbé e sókè lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ọ̀gá, ihò yìí ńkọ́? Ṣé kí n fọ̀ ọ́ nìkan ni, àbí kí n lọ̀ ọ́ pẹ̀lú?"

Yàrá kan ṣoṣo ni ilé ìfọṣọ ẹ̀. Tábìlì gígùn tí wọ́n tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sí wà níbẹ̀, áyọ́ọ̀nù méjì tí ọ̀kan ń sinmi bí ìkejì bá ń ṣiṣẹ́, irin gbọọrọ tí aṣọ ń rọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àti fèrèsé tí ooru omi máa ń bò mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Aṣọ ọkọ ẹ̀ ló fi kọ́ ọ, ó sì jó lára wọn kó tó mọ bí iná ṣe ń bá òwú sọ̀rọ̀. Ọkọ náà, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ fara ti tiẹ̀, ṣì máa ń sọ fún ẹni tó bá ń gẹrun lọ́dọ̀ ẹ̀ pé, "Èmi ni mo sanwó ilé ìwé ìyàwó mi. Ṣòkòtò ni mo fi san án."

Ẹnu Gbọnrangandan ò sinmi, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò sinmi, ọwọ́ ẹ̀ náà ò sinmi rí, títí di ìgbà tí ọwọ́ fúnra ẹ̀ lóun fẹ́ sinmi.

Ìka ló ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jí láàárọ̀, ọwọ́ méjèèjì á ti gan bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú sítáàṣì, tí wọ́n wá gbàgbé sínú oòrùn. Kò ní ṣeé ká, kò ní ṣeé nà. Àwọn oríkèé ìdí ìka á wú, wọ́n á gbóná, awọ orí wọn á máa dán. Ẹ̀rọ omi dọ̀tá ẹ̀. Bọ́tìnnì dọ̀tá ẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ló ń bá a yí ẹ̀rọ, òun náà ló ń bá a de bọ́tìnnì, á sì máa ṣàwàdà síbẹ̀.

"Nígbà tí mo fẹ́ ọ, ṣíṣí ni mo mọ̀. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá kọ́ dídè."

"Ẹ dè é ní tiyín, ẹ̀yin bàbá yìí. Àwọn èèyàn ń dúró dè mí."

Nígbà náà ni yóò gbé bàsíà omi gbígbóná sílẹ̀, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á máa fi eyín gé ètè. Lẹ́yìn ẹ̀ ni á di áyọ́ọ̀nù mú, ooru irin á máa wọ ọ́ ní àtẹ́lẹwọ́. Kó tó di ọ̀sán, ọwọ́ á ti tú díẹ̀. Kì í ṣe pé ó sàn o. Ó kàn tú ni, ọ̀la á tún gan.

Ẹ ò ní gbàgbé èyí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìjà yìí wà: ọwọ́ tó ń pa á lára láàárọ̀ kọ́ ni ọwọ́ tó ń gbé kiri lọ́sàn-án.

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní òpópónà tó tẹ̀ lé tiwọn. Dókítà ibẹ̀, ọkùnrin kan tí kò tíì tó ọjọ́ orí àbúrò Gbọnrangandan, ló ń wo ikọ́, òun ló ń wo inú rírun, òun ló ń wo ọmọ tó gbé owó ẹyọ mì. Iṣẹ́ ń pa á, kò sẹ́ni tó ní irọ́ ni. Àmọ́ òun náà ni ilẹ̀kùn. Bí òun ò bá kọ̀wé, kò sí bó o ṣe lè dé ọ̀dọ̀ dókítà oríkèé nílé ìwòsàn ńlá. Ẹni tí wọ́n sọ di ilẹ̀kùn, ó yẹ kó mọ̀ pé dídúró nìkan kọ́ niṣẹ́ òun. A máa ń ṣílẹ̀kùn náà.

Ọ̀sán ni Gbọnrangandan máa ń lọ, torí pé àárọ̀ jẹ́ tàwọn tó fẹ́ wọṣọ lọ síbi iṣẹ́. Kó tó lọ, á wẹ̀, á tún ọwọ́ rẹ sómi gbígbóná, á fi ìpara pa á títí á fi máa dán, á wọ bùláòsì tó dáa, á wá gbé kóró oògùn ìrora mì kí rírìn má baà ni ín lára. Ojú ẹni ńlá kúkú ni, èèyàn ò ní gbé ara wúruwùru lọ síbẹ̀. Nígbà tó fi máa jókòó síwájú dókítà, ó ti lọ ara ẹ̀ bí ẹni lọ aṣọ ìyàwó.

"Báwo ni ara, Màmá?"

"A dúpẹ́, Dókítà. Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa. Kí lẹ bá wá?"

"Ọwọ́ yìí ni. Ó ń dùn mí díẹ̀."

Díẹ̀! Obìnrin tó sunkún nídìí ẹ̀rọ omi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló ní díẹ̀. Ẹnu tó ń já ìdọ̀tí olówó síta, ó dé iwájú dókítà, ó pa dà di ẹnu ìyàwó tó wà níwájú àna.

Dókítà wo ọwọ́ náà fìrí, bí ẹni tó ń wo aago. "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Mò ń fọṣọ, mo sì ń lọṣọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Iṣẹ́ ló fà á. Ẹ máa sinmi."

Bí wọ́n ṣe ń wí fún wa nìyẹn! Ẹni tó bá ń fọwọ́ ṣiṣẹ́, bí ọwọ́ ẹ̀ bá ń jóná, iṣẹ́ ni. Bó bá dàgbà díẹ̀, ọjọ́ orí ni. Kò sí àìsàn tó lè dé bá tálákà kó ní orúkọ tiẹ̀. Ó fún un ní oògùn ìrora, Gbọnrangandan kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó dìde láìdi nǹkan kan mú, dókítà sì rí i pé orókún ẹ̀ dáa.

Ó tún lọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Nígbà tí èsì dé, dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fún un lẹ́bùn. "Ẹ̀jẹ̀ yín mọ́, Màmá. Kò sí làkúrègbé níbẹ̀."

Ó délé, ó sọ fún ọkọ ẹ̀. Ọkọ wo ìka tó wú, ó wo ojú ìyàwó. "Ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ńkọ́?"

"Ṣé èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò ni?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbá kú sí, bí kì í bá ṣe ti télọ̀ kan tó máa ń kó aṣọ wá fún lílọ̀ nígbà tó ṣì ń ránṣọ. Ó ju Gbọnrangandan lọ lọ́jọ́ orí, ó sì ti pẹ́ tó ti yọjú kẹ́yìn. Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, apá ló fi gbé àpò kọ́, kò fọwọ́ mú un. Gbọnrangandan ń ṣiṣẹ́ lọ, ó ń rojọ́ lọ.

"Ẹ wá gbọ́ o, Àǹtí mi. Ẹ̀jẹ̀ mi mọ́! Ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ ni ò jẹ́ kí n lè ṣí ìdérí ìgò!"

Télọ̀ gbé ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì lé orí bùláńkẹ́ẹ̀tì tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wù tí Gbọnrangandan ń lọ̀. Gbogbo ìka náà ló ti yà sí apá kan, bíi koríko tí ìjì gba orí ẹ̀ kọjá.

Áyọ́ọ̀nù dúró lọ́wọ́ Gbọnrangandan. "Yéè. Àǹtí mi, kí ló ṣe wọ́n?"

"Ohun tó ń ṣe tìẹ náà ni. Wọ́n ní iṣẹ́ ni. Wọ́n ní àgbà ni. Mò ń gbé oògùn ìrora mì bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà. Ìgbà tí mo máa fi dé ọ̀dọ̀ dókítà oríkèé, ó ní ẹ̀ṣọ́ inú ara tó yẹ kó máa ṣọ́ ilé ló yíjú pa dà, tó ń lu onílé. Ó ní oògùn wà tó lè dá ẹ̀ṣọ́ náà lẹ́kun, àmọ́ ohun tó bá ti bà jẹ́, ó ti bà jẹ́ náà nìyẹn. Ó ní ti ẹ̀jẹ̀ tó mọ́, pé ó lè mọ́ kí oríkèé ṣì máa jóná."

"Ẹ̀rọ ìránṣọ yín ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ọmọ àbúrò mi. Mi ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́." Ó gbé ọwọ́ ẹ̀ kúrò lórí tábìlì jẹ́jẹ́. "Àbúrò mi, má gba oògùn bọ̀ mọ́. Ìwé tó máa gbé ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà oríkèé ni kó o gbà, kó tó pẹ́ jù."

Láti ìgbà yẹn, Gbọnrangandan ò rójú mọ́. Bó bá ń lọ aṣọ, ìka ẹ̀ ló ń wò. Bó bá ń jẹun, á dúró lójijì, á tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì, á máa wò ó bóyá ó ti ń yà. Á jókòó, á dìde. Á jáde sí ojúde, á wọlé pa dà láìmọ ohun tó bá jáde. Ọkọ ẹ̀ ní ó dà bí adìẹ tó fẹ́ yín tí kò rí ìtẹ́. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù gidi, pé ọjọ́ kan lòun máa jí tí ọwọ́ ò ní tú mọ́, bí omi ti wù kó gbóná tó.

Ló bá lọ gba ìwé. Ẹ gbọ́ àṣìṣe o! Ó tún wẹ̀, ó tún rẹ ọwọ́ sómi, ó tún pa ìpara, ó gbé kóró oògùn méjì mì dípò ẹyọ kan, torí ìjà ló ń lọ jà.

"Dókítà, ẹ kọ̀wé fún mi sí dókítà oríkèé."

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ẹ fún ọwọ́ mi, kí n rí bí agbára yín ṣe tó."

Ìgbéraga wọ ọ̀rọ̀. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Gbọnrangandan, wọ́n ní kó fún ọwọ́ ọkùnrin! Ó wa eyín pọ̀, ó fún un débi pé dókítà yíra lórí àga.

"Há! Ẹ̀yin lẹ máa fún mi lóògùn." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Èrò tó wà níwájú dókítà oríkèé pọ̀, Màmá. Bí mo bá ń kó gbogbo ọwọ́ tó ń dunni ránṣẹ́, àwọn tó ń ṣàìsàn gan-an ò ní ráyè."

Ó jáde láìsí ìwé. Ó délé, ó ń já aṣọ gbígbẹ lórí irin bí ẹni tó ń já ewé.

Ọkọ ẹ̀ na orí wọlé. "Ọwọ́ wo lo gbé lọ síbẹ̀?"

"Ọwọ́ mélòó ni mo ní?"

"Méjì. Ọ̀kan wà tí mo máa ń bá wọ aṣọ láàárọ̀. Ìyẹn ò tíì dé ọ̀dọ̀ dókítà rí. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ìyàwó mi. Iṣẹ́ tèmi ni, mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ fẹ́ kí n lọ síwájú dókítà bí ẹni tí wọ́n lù? Kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?" Ó sọ ìkọ́ aṣọ lu ilẹ̀kùn. Orí ọkọ yọ kúrò níbẹ̀ wéré.

Èèyàn á gbọ́ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò ní wọ̀ ọ́ létí, àfi bí ojú bá rí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, omi ò tíì gbóná tí ọkùnrin kan fi ń kanlẹ̀kùn. Ọjọ́ náà ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, ẹ̀wù funfun kan ṣoṣo ló sì gbé lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá mi fi áyọ́ọ̀nù kàn án lásán." Gbọnrangandan ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún aṣọ. Ó fi ọwọ́ àárọ̀ yẹn gbé áyọ́ọ̀nù, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ìka jáwọ́. Irin náà dojú bo àyà ẹ̀wù. Ó nawọ́ sí i, ọwọ́ ò ká. Ó tún nawọ́, ọwọ́ ò gbà. Iṣẹ́ ló wà níwájú ẹ̀, tó ń jó, tó ń rú èéfín, òun sì dúró tì í bí ọmọdé tí wọ́n so lápá.

"Ẹ gbà mí o!"

Ọkọ sáré wọlé, abẹ́ ìfárí wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gbé irin kúrò. Ojú áyọ́ọ̀nù ti wà láyà ẹ̀wù náà, dúdú, ó pé pérépéré, ṣóńṣó ẹnu ẹ̀ kọjú sí ọrùn.

Oníbàárà ò lè pariwo pàápàá. "Kí ni mo máa wọ̀ báyìí?"

Onígbàjámọ̀ wò ó sókè wò ó sílẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù ara ẹ̀, ó nà án sí i. "Máa lọ. Bí wọ́n bá ní irun wà lára ẹ̀, sọ fún wọn pé ti àwọn oníbàárà mi ni."

Nígbà tó fi máa yíjú, ìyàwó ẹ̀ ti gbé ẹ̀wù tó jó há abíyá, ó ti ń lọ. Kò wẹ̀. Kò fi nǹkan kan pa ọwọ́. Oògùn ò kan ẹnu ẹ̀. Bọ́tìnnì bùláòsì ẹ̀ ò bára mu, torí òun fúnra ẹ̀ ló gbìyànjú ẹ̀.

Ilé ìwòsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn ni. Obìnrin tó máa ń jókòó lójú fèrèsé, tó ń gba orúkọ èèyàn, wò ó. "Màmá, ẹ ò sí lára àwọn tòní o."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ìjà ni mo bá wá. Ṣé ìjà náà ń gba nọ́ńbà ni?"

Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ẹ kọ orúkọ yín síbí ná."

Ó na bírò sí i. Bírò bọ́. Ó mú un, ó tún bọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni gbé ọmọ odó, ó bọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì yí gbirigbiri lọ síbi ẹsẹ̀ ẹnì kan tó ń wọlé bọ̀. Dókítà ni.

"Màmá? Ṣé ẹ̀yin rè é?"

"Èmi náà ni! Ẹ wò ó! Ẹ wo ọwọ́ tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ ló ń dà á láàmú! Ẹ wo ohun tó ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ láàárọ̀ yìí!" Ó ju ẹ̀wù tó jó sórí pẹpẹ fèrèsé.

Dókítà ò wo ẹ̀wù. Ọwọ́ ló ń wò. Ó mú un wọlé, ó fi ọwọ́ tiẹ̀ di ìdí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó rọra fún wọn pọ̀.

"Yéè! Dókítà! Ṣé aṣọ tútù lẹ pè mí ni, tẹ́ ẹ fẹ́ fún mi gbẹ?"

Ó jù ú sílẹ̀ kíá. Ohùn ẹ̀ ti yí pa dà. "Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí láràárọ̀?"

"Láràárọ̀."

"Á tó ìgbà wo kó tó tú?"

"Àwọn ọlọ́fíìsì á ti wọlé, wọ́n á ti jókòó, wọ́n á ti máa wá ohun tí wọ́n máa jẹ."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún mi? Gbogbo ìgbà tí mo bi yín, ẹ ní a dúpẹ́."

"Ẹ kí mi ni, mo sì dáhùn! Ṣé bí wọ́n bá kí ẹ̀yin náà káàárọ̀, ẹ máa ń ròyìn inú rírun yín fún wọn ni? Ẹ ò bi mí pé báwo ni mo ṣe jí. Ẹ ò bi mí pé ta ló de bọ́tìnnì mi. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìkan lẹ bi mí, ẹ sì ti rí àìsàn ńbẹ̀."

Dókítà jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Àìsàn jókòó-dìde ti Gbọnrangandan ti fẹ́ ràn án. "Ó yẹ kí n bèèrè," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ yẹn náà, kò yẹ kí n fi ti ilẹ̀kùn." Ó kọ̀wé náà lójú ẹ̀, ó sì gbé fóònù, ó pe ilé ìwòsàn ńlá, ó ní ọ̀rọ̀ yìí ò gbọ́dọ̀ tò sẹ́yìn èrò.

Dókítà oríkèé, obìnrin kan tí ohùn ẹ̀ rọ̀, ya fọ́tò egungun ọwọ́ náà, ó sì gbé e kọ́ ibi ìmọ́lẹ̀. Ó fi bírò tọ́ka sí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún. "Àwọn wọ̀nyí, oríkèé wọn ti bà jẹ́. Wọn ò ní nà tán mọ́. Àwọn yòókù, oògùn tí mo máa fún yín kì í yára, àmọ́ a máa fi jà fún wọn."

"Ìgbà wo làwọn méjì yẹn bà jẹ́?"

"Kì í ṣe àná, Mà. Ká ní ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ lẹ ti dé ọ̀dọ̀ mi, bóyá..." Kò parí ẹ̀.

Bóyá yẹn ló gbé délé. Ọkọ ẹ̀ ní, "Ká dúpẹ́ pé mẹ́jọ ló kù."

"Ẹ bá mi dúpẹ́. Èmi, mo ṣì ń bínú."

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ mọ́ tán, ó ti gba ọ̀nà ilé ìwòsàn kékeré lọ, ọ̀rọ̀ kún ẹnu ẹ̀. Ó fẹ́ sọ nípa ìka méjì náà fún dókítà, kó gbọ́ ọ lẹ́nu oníǹkan. Obìnrin ojú fèrèsé rí i, ó yára sọ̀rọ̀ kó tó sọ.

"Màmá, Dókítà ní ẹni tó bá ti ń bọ̀ fún ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó ń gan, àárọ̀ ni kí n máa fún un. Kí n sì bi í bó ṣe jí."

"Ó ti pẹ́ jù fún méjì," Gbọnrangandan dáhùn, ó sì yíjú sí àwọn tó jókòó.

Obìnrin kan wà ní ìdí ògiri, ẹ̀wù àwọn tó ń gbálẹ̀ ilé iṣẹ́ ló wọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ife tíì gbígbóná mú, kò mu ún, ó kàn ń yí i síbí, ó ń yí i sọ́hùn-ún, ó ń gé ètè.

"Ọmọ ìyá mi, kí lò ń fi tíì ṣe?"

"Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi tú díẹ̀ ni, Mà, kí n tó wọlé. Kó má lọ dà bíi pé mi ò tọ́jú ara."

Gbọnrangandan fi apá gba ife náà kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, tíì dà sí ilẹ̀.

"Ẹ kú ìwọ̀sí o! Kí ni mo ṣe fún yín?"

"Dìde! Wọlé báyìí, kó tó tú!"

"Ọ̀rọ̀ kọ́ lèyí!" bàbá kan pariwo láti iwájú. "Èmi ló kàn! Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni mo ti wà níbí!"

"Kí ló ń ṣe yín, Bàbá?"

"Ikọ́."

"Ikọ́ yín á ṣì wà lọ́sàn-án, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọwọ́ tiẹ̀ ò ní sí mọ́."

Ilé ta kìjí. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń bú u. Láàárín ariwo náà ni ilẹ̀kùn ṣí, dókítà yọjú, ó rí tíì nílẹ̀, ó rí Gbọnrangandan tó gbé ọwọ́ ọlọ́wọ́ sókè bí ẹni tó mú olè.

"Ta ló kàn?" ó bèèrè.

"Ẹ má kí i o," Gbọnrangandan ní. "Ẹ kọ́kọ́ di ọwọ́ ẹ̀ mú."